Ibi Tí Ọwọ́ Yín Mọ: Ìdánrawò Ìbọn Kí Àsìkò Ọdẹ Tó Dé

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Houston, ní Dallas, ní San Antonio, àti gbogbo ibi tí ohùn wa dé ní Texas, oòrùn ìpínlẹ̀ yìí kò tíì gbà láti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣọdẹ láàárín wa mọ̀ pé àsìkò ti ń kanlẹ̀kùn. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Bélú ni ọdẹ àgbọ̀nrín onírù-funfun máa ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn oníbọn. Láti àárín oṣù Ògún ni wọ́n sì ti máa ń ta ìwé àṣẹ ọdún tuntun. Ẹni tó ti ra ìwé àṣẹ, tí ìbọn rẹ̀ ṣì wà nínú àpò láti èṣí, tó ní ó di ọjọ́ tí ọdẹ bá bẹ̀rẹ̀ kóun tó yọ ọ́, òun gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní.

Ọ̀rọ̀ ìdánrawò ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nítorí kí ọwọ́ àwọn lè tó ọ̀nà jíjìn ni àwọn ṣe ń lọ sí pápá ìyìnbọn. Èmi ò bá wọn gbà á bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ìdí tí a fi ń yìnbọn sí pépà láti ibi orísirísi ni kí a lè mọ ibi tí ó yẹ kí a ti gbé ìbọn sílẹ̀, kí a ní, "Èyí jìnnà jù mí lọ."

Bàbá ọdẹ nílé kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní èyí. Ṣakabùlà ló wà léjìká rẹ̀. Ẹ̀tù ló ń rọ sí i lẹ́nu, á fi ọ̀pá kì í, á kó ọta lé e, ọta yẹn á sì fọ́n ká bó bá ti jáde. Bí ẹran bá wà lókèèrè, òfo ni. Bó bá yìn ín tó tàsé, kó tó tún òmíràn kì, ẹtu ti dé oko ẹlòmíràn. Fún ìdí èyí, iṣẹ́ sísúnmọ́ ẹran ni iṣẹ́ ọdẹ nílé: kí o mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí o mọ bí a ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, kí o gun orí igi lọ gẹ̀gùn de ẹran, kí o de fìtílà mórí lóru kí iná rẹ̀ mú ẹran lójú. Ìbọn fúnra rẹ̀ ló pa ààlà fún ọdẹ.

(Kí n tètè sọ ọ́ kí n má gbàgbé: ẹ má gbé fìtílà yẹn wá sí Texas o. Láti ìdajì wákàtí kí oòrùn tó yọ títí di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀ ni òfin gbà kí ẹ yìnbọn sí àgbọ̀nrín. Ẹni tó bá taná sí i lóru tó sì yìn ín, ẹjọ́ ló lọ wá. Ní ti ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó ń ba oko jẹ́, wọ́n gbà kí ènìyàn pa á lóru, lórí ilẹ̀ onílẹ̀ tó bá fún un láyè.)

Ráífù kò pa ààlà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ra èyí tó ń lo ọta .308 Winchester, ọta tó ti wà lórí àtẹ láti 1952, ẹ de awò mọ́ ọn lórí, kí ẹ fi wo àgbọ̀nrín tó wà ní yáàdì 300. Awò á gbé e wá síwájú yín, ẹ ó máa rí bó ṣe ń ju etí, ẹ ó rí bó ṣe ń jẹ ẹnu. Kò sí ohun kan lára ìbọn náà tó máa sọ fún yín pé ẹran yìí ti jìnnà. Ọta á dé ibẹ̀, á tún kọjá lọ dáadáa. Bóyá ibi tí ẹ fẹ́ kó bà ló máa bà, ìyẹn ni ìbọn kò mọ̀, kò sì sí bí ẹ̀yin náà ṣe lè mọ̀ ọ́n bí ẹ kò bá tíì dán an wò.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ti òfin wéré. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ ọdẹ tí ìpínlẹ̀ Texas là sílẹ̀, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín lórí físà ilé ẹ̀kọ́ tàbí físà àbẹ̀wò, ẹ dákun ẹ fetí sílẹ̀: òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tó wà lórí irú físà bẹ́ẹ̀ mú ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àyàfi bó bá ní ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì lágbára, tàbí tó bá wà lára àwọn mìíràn díẹ̀ tí òfin dárúkọ. Pé ọ̀rẹ́ yín ló ni ìbọn kò yọ yín nínú ẹ̀. Ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni lọ sí pápá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí pápá.

Kí là ń wá lára ẹran? Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ni. Lára àgbọ̀nrín onírù-funfun, ibi tí méjèèjì wà, lẹ́yìn ejìká, nǹkan bí íǹṣì 8 ni fífẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó wà ní apá Hill Country tiẹ̀ tún kéré lára. Bí ọta bá wọ ibẹ̀, ẹran náà kò ní rìn jìnnà kó tó ṣubú. Bó bá yẹ̀ sẹ́yìn lọ sí ìfun, ó lè fi wákàtí púpọ̀ jẹ̀rora nínú igbó, kí ẹ wá a títí kí ẹ má rí i. Nítorí náà, ẹ fi àwọn àmì aláràbarà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹ mú abọ́ pépà tí wọ́n fi ń bu ìrẹsì níbi àríyá, èyí tó fẹ̀ ní íǹṣì 8, kí ẹ gbé e kọ́. Abọ́ yẹn ni yóò máa dájọ́ láti ìsinsìnyí lọ.

Yáàdì 25 ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá bí awò bá jẹ́ tuntun tàbí tí ẹ bá tú u rí. Àwọn kan máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú èyí. Wọ́n á lọ sí 100 tààrà, ọta á lọ tán, kò sí èyí tó kan pépà, wọn ò sì ní mọ̀ bóyá òkè ló gbà tàbí ìsàlẹ̀. Ní 25, ó ṣòro kí ọta má kan pépà. Kókó méjì ló wà lára awò: ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì. Bí ẹ bá ń yí i, ẹ ó máa gbọ́ "kẹ́, kẹ́, kẹ́". Lára ọ̀pọ̀ awò tí wọ́n ń tà níhìn-ín, "kẹ́" kan máa ń sún ọta ní ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì ní yáàdì 100. Ní 25, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún péré ló máa sún un. Bí ọta bá wọlé ní íǹṣì kan sísàlẹ̀ ní 25, "kẹ́" 16 lẹ ó yí, ẹ má yí mẹ́rin. Ibí yìí ni mo ti rí àwọn tó gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò tí wọ́n ń họrí.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya ẹni tuntun lẹ́nu. Ọta ti ń wọ àárín gan-an ní 25. Ó wá kó lọ sí 100, ọta wá ń wọlé sókè, íǹṣì 2 tàbí 3. Kì í ṣe idán. Awò ga ju ọ̀pá ìbọn lọ ní nǹkan bí íǹṣì kan ààbọ̀, ọ̀pá ìbọn sì nà sókè díẹ̀ kí ọta lè gòkè wá pàdé ibi tí ojú ń wò. Ó pàdé rẹ̀ ní 25, ó sì ń gòkè lọ sí i kí ilẹ̀ tó fà á bọ̀. Ẹni tó bá parí ní 25 tó palẹ̀ ẹrù mọ́, kò tíì mọ ohun tí ìbọn rẹ̀ ń ṣe.

Ní 100, ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí tábìlì, pẹ̀lú àpò iyanrìn lábẹ́ ìbọn, kí ẹ tó fọwọ́ kan kókó kankan. Ẹyọ kan lè jẹ́ èèṣì. Ẹ wo bí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe sún mọ́ra sí. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, yíyí kókó awò kò lè tún un ṣe. Ẹ wo àwọn ìdè tó di awò mú bóyá wọ́n ti tú, lẹ́yìn náà kí ẹ wo ọwọ́ ara yín. Ẹ jẹ́ kí ìbọn tutù láàárín, nítorí ọ̀pá tó gbóná lè máa da ọta nù. Ní ọjọ́ ọdẹ, ọ̀pá tútù lẹ ó fi yìn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Fún ìdí yìí, ọta àkọ́kọ́ tí ẹ bá yìn bí ẹ bá ti dé pápá ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ kọ ibi tó wọ̀ sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá lọ. Irú ọta tí ẹ máa gbé wọ igbó gan-an ni kí ẹ fi ṣe é, ilé iṣẹ́ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ibi tí yóò wọ̀ lè yí padà, kódà nínú ìbọn kan náà.

Ẹ wá sún un sẹ́yìn. Bí .308 tó ń lo ọta gíréènì 150 bá ń wọ àárín ní 100, ní 200 yóò ti já wálẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì 4. Abọ́ wa ṣì lè gbà á bí ọwọ́ yín bá dúró. Ní 300, ó ti di íǹṣì 14 tàbí 15. Ẹ ò rí i pé kì í pọ̀ sí i ní ọgbọọgba. Bí ọta ṣe ń lọ ni agbára rẹ̀ ń dín kù, bó bá sì ti ń pẹ́ lójú ọ̀nà ni ilẹ̀ ń ráyè fà á. Àwọn ọdẹ kan máa ń ṣètò awò kí ọta wọ àárín ní 200: ní 100 á wọlé ní nǹkan bí íǹṣì 2 sókè, ní 300 á já ní íǹṣì 8 tàbí 9. Mo fẹ́ràn ètò yìí fún ẹni tó ń ṣọdẹ ní gúúsù Texas, níbi tí wọ́n ti la ojú ọ̀nà gbọọrọ sínú igbó ẹ̀gún, tí ẹran máa ń yọ lójijì níbi tó jìnnà. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó máa jókòó sínú àtíbàbà ní yáàdì 80 sí ibi tí wọ́n ń da àgbàdo sí fún ẹran, kò sí ohun tó ń lé e débẹ̀. Kí ó jẹ́ kí ó wọ àárín ní 100, kí ó sinmi.

Mo sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀, mi ò tíì sọ ti atẹ́gùn. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ máìlì 10 ní wákàtí kan láti ẹ̀gbẹ́ kò ní sún ọta yìí tó íǹṣì kan ní 100. Ní 200 á sún un ní bí íǹṣì 3. Ní 300, íǹṣì 7 tàbí 8, ìyẹn ni pé ó ti gbé e kúrò lórí abọ́. Ilẹ̀ tó ń fà á, a lè ṣírò rẹ̀ sínú ìwé látilé, nítorí kì í yí padà. Atẹ́gùn kì í gbọ́ ti ìwé ẹnikẹ́ni. Ó lè máa fẹ́ gba apá ọ̀tún níbi tí ẹ wà, kó máa fẹ́ gba apá òsì nídìí ẹran. Èyí nìkan tó láti mú kí ọ̀pọ̀ wa fi yáàdì 300 sílẹ̀ fún àwọn tó ní ọta àti àsìkò láti fi kọ́ ọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná gan-an rè é. Gbogbo ohun tí a ti ń ṣe bọ̀, orí tábìlì la ti ń ṣe é. Tábìlì ń sọ fún yín nípa ìbọn. Kò sọ nǹkan kan fún yín nípa ara yín. Kò sí tábìlì nínú igbó. Mo ti rí ẹni tó ń fi ọta mẹ́ta bo ara wọn lórí tábìlì ní 100, tí wọ́n wá ní kó dìde dúró, tí abọ́ odindi kò sì tó o mọ́. Nítorí náà, bí ìbọn bá ti wà ní ètò, ẹ kúrò nídìí tábìlì, ẹ má sì padà síbẹ̀ àfi láti yẹ awò wò.

Ẹ dojú bolẹ̀ kí ẹ yìn ín. Ẹ jókòó, kí ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ẹ kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. Ẹ lo ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí a fi ń gbé ìbọn ró, tó jẹ́ pé òun ló dára jù nínú gbogbo ohun tí ẹ lè ra lẹ́yìn ìbọn. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró lásán, láìfi ara ti ohunkóhun. Níbi kọ̀ọ̀kan, ọta márùn-ún sínú abọ́: ní 50, ní 100, ní 150, ní 200. Ibi tí márààrún bá ti wọlé tó jìnnà jù, ibẹ̀ ni ọwọ́ yín mọ fún irú ìjókòó tàbí ìdúró yẹn. Mẹ́rin nínú márùn-ún kò tó. Ìkarùn-ún yẹn ni ẹran tó lọ kú sínú igbó. Ẹ ó rí i pé ààlà yín ju ẹyọ kan lọ: ó lè jẹ́ 200 bí ẹ bá dojú bolẹ̀, 150 bí ẹ bá jókòó, kó wá jẹ́ 50 bí ẹ bá dúró. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ìtìjú wà nínú kí ènìyàn má mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ òótọ́ gan-an, ẹ fi ìbọn sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ lọ sẹ́yìn, ẹ lóṣòó kí ẹ dìde, ẹ tún lóṣòó, títí àyà yín á fi máa lù kìkì. Kí ẹ tó wá gbé ìbọn. Bí àyà ṣe máa ń lù lọ́jọ́ tí ẹran ńlá bá yọ nìyẹn.

Ọ̀tá mìíràn wà tó ń gbé inú ara ẹni: ìfòyà. Ráífù máa ń gbáni léjìká, ó sì ń han. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ara á ti mọ̀ pé ìgbájú ń bọ̀, á sì máa fà sẹ́yìn kí ìka tó fa tírígà tán, bí ọmọ tó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ lókè. Ẹni tó ń ṣe é kì í mọ̀. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín máa bá yín ki ìbọn, kó máa fi ọta irọ́ tí kò ní ẹ̀tù nínú sáàárín ọta gidi, láìjẹ́ kí ẹ mọ èwo ló kì. Bí ó bá kan ti irọ́, tí ẹnu ìbọn fì wálẹ̀, àṣírí ti tú. Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ máa fa tírígà ìbọn òfìfo nílé, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì pé kò sí ọta nínú rẹ̀, tí gbogbo ọta wà ní yàrá mìíràn, tí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Ọ̀pọ̀ ráífù òde òní gba èyí, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbọn kékeré .22 ṣe é, ó lè bà á jẹ́. Ẹ sì dáàbò bo etí. Ariwo tó ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 140 lọ lè ba etí jẹ́ títí ayé, ráífù sì kọjá ìyẹn dáadáa. Ẹ fi èdídí di ihò etí, kí ẹ tún fi ìbo-etí bò ó lórí. Apá kan ìfòyà á ti lọ pẹ̀lú ariwo.

Mo gbọ́ yín, ọta wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, owó-orí sì wà nínú rẹ̀: ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lórí ìbọn gígùn àti ọta, òfin Pittman-Robertson ti 1937 ló sì ní kí owó náà máa padà lọ sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ fún ìtọ́jú ẹran igbó, ẹ̀kọ́ ọdẹ àti pápá ìyìnbọn. Ẹni tí owó kò bá tó lọ́wọ́ rẹ̀, kó ra .22 kékeré. Ọta rẹ̀ pọ́ọ́kú, kì í gbáni léjìká. Bí ẹ bá ṣètò rẹ̀ sí àárín ní yáàdì 50, ní 100 á ti já ní nǹkan bí íǹṣì 6. Ẹ ti rí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti lè kọ́ bí ọta ṣe ń já láìnáwó púpọ̀. Kìkì pé kí ẹ má gbé e tọ àgbọ̀nrín lọ. Òfin Texas kò gbà á.

Ní Norway, wọn kò fi ọ̀rọ̀ ibi tí ọwọ́ ẹni mọ yìí sílẹ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọdẹ ẹran ńlá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ìyìnbọn lọ́dọọdún. Ọta 30 ni yóò kọ́kọ́ yìn fún ìdánrawò, lẹ́yìn náà yóò yin márùn-ún sí àwòrán ẹran ní mítà 100, gbogbo márààrún sì gbọ́dọ̀ wọ inú òbìrí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹni ogún ọdún àti bàbá arúgbó tó ti ń ṣọdẹ láti kékeré, bákan náà ni. Mo rò pé ó yẹ kí Texas náà ṣe irú rẹ̀, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ níwájú àwọn aládùúgbò mi, wọn kò ní fún mi ní ẹran jẹ lọ́dún yìí.

Ẹ rántí pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Texas, nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹran tí ẹ ṣe léṣe láti ibi tó jìnnà jù yín lọ lè fo ọgbà bọ́ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ. Ọta yín fúnra rẹ̀, bó bá kọjá ààlà ilẹ̀ sí ti ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ó fún yín láyè, ẹ ti rú òfin.

Ó ku ohun kan. Bí ẹ bá ti fi mọ́tò gbé ìbọn rìnrìn wákàtí mẹ́rin, márùn-ún lórí ọ̀nà eléruku, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé awò tí ẹ ṣètò ní Houston. Bí ẹ bá ti dé ibùdó lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ sọ fún onílẹ̀, ẹ wá ibi tí òkè wà lẹ́yìn tó máa gba ọta dúró, ẹ gbé abọ́ kan kọ́ ní 100, kí ẹ yin ẹyọ kan pẹ̀lú ọ̀pá tútù. Bó bá wọlé síbi tí ẹ kọ sínú ìwé, ẹ lọ sùn. Bí kò bá wọlé síbẹ̀, ilẹ̀ kò tíì ṣú, ẹ ṣì lè tún un ṣe.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bàbá kan tó ti ń pa ẹran láti ọjọ́ pípẹ́ yóò wà pẹ̀lú wa, yóò sọ bí a ṣe ń tú àgbọ̀nrín kí ooru ìhà ibí yìí tó bà á jẹ́. Ẹ tètè wá síwájú rédíò yín.